Bí Obed Akínwándé Ṣe Fẹ́ Dá Amẹ́ríkà Sílẹ̀ ní Thamesmead

Mo búra. Mo fi eyín mélòó kan tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu búra, mo sì fi káàdì tí àwa arúgbó fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ ní London búra, pé òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó bá rí ibi tí mo ti fi irọ́ sí i, kó gba káàdì náà lọ́wọ́ mi, kí n máa fẹsẹ̀ gun òkè Shooters Hill pẹ̀lú orúnkún mi yìí.

Ọ̀rọ̀ Obed Akínwándé ni. Bí ẹ bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Woolwich lọ sí Thamesmead rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló gbé yín: ọkùnrin gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, tí irun ti kọ àárín orí rẹ̀ sílẹ̀, tí kì í gbé ọkọ̀ kúrò títí ìyá arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yóò fi fìdí kan àga. Kó tó di dẹ́rẹ́bà, tíṣà ni nílùú Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn ọmọ, kò sì sí ìtàn tó dùn mọ́ ọn lẹ́nu bíi ti Amẹ́ríkà: bí àwọn ènìyàn yẹn ṣe lé ọba Gẹ̀ẹ́sì kúrò lórí wọn, tí wọ́n wá dúró, tí wọ́n ń wo ara wọn lójú pé ó dára, ta ni yóò wá máa ṣe ìjọba báyìí? Àwọn tó kọ́ níwèé sọ pé bó bá ti dé ibẹ̀, ńṣe ló máa ń rìn káàkiri kíláàsì bí ẹni tí wọ́n pè sí ìpàdé náà tí kò ráyè lọ.

London gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀, ó wò ó, ó dá a padà fún un, ó sì fi sítíárìn lé e lọ́wọ́. Obed kò ráhùn. Mọ́wùnmí, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń bá a ráhùn.

"Bàbá Moráyọ̀, gbogbo ìwé tí ẹ kà yẹn, ṣé tìtorí kí ẹ lè máa sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àga ni?"

Obed a ní kó fi òun sílẹ̀. Ó ní ìjókòó dẹ́rẹ́bà àti ìjókòó ìjọba, ọ̀kan náà ni: gbogbo ènìyàn ló ń bú ẹni tó wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kó dìde.

Nígbà tó yá, Mọ́wùnmí kú. Àìsàn ṣe é díẹ̀, ó sì lọ.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, ìjọ tí ẹni tó bá ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ìjọ náà kò ní ilé. Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Woolwich ni wọ́n ń háyà, wákàtí wákàtí sì ni. Lọ́jọ́ ìsìnkú, mọ́tò tó gbé pósí há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Plumstead, ó pẹ́ kó tó dé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan àbẹ́là méjèèje tán, orin ìkẹyìn ti dé ìdajì, nígbà tí ọkùnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn wọlé tó ń mi ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣaworo. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó tiẹ̀ bọ́ fìlà. Ó ní kí wọ́n má bínú, àkókò wọn ti pé, àwọn obìnrin tó ń fò sókè fò sílẹ̀ láti fi dín sísanra kù ti tò sẹ́nu ọ̀nà, ẹní wọn wà lábíyá.

Wọ́n gbé Mọ́wùnmí jáde láàárín orin. Wọ́n kọ ìdajì orin nínú ilé, wọ́n kọ ìdajì yòókù níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ike ìdọ̀tí, lẹ́sẹ̀ lásán, lórí òkúta wẹ́wẹ́. Àfọ́kù ìgò gé Obed ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kò mọ̀. Mummy Felicia ló rí i nígbà tí wọ́n dé itẹ́ òkú. Mummy Felicia yìí ni olórí àwọn obìnrin ìjọ, obìnrin kúkúrú tó ti ń wẹ arúgbó Òyìnbó, tó ń wọṣọ fún wọn, láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí.

"Obed, ẹ̀jẹ̀ lò ń tẹ̀ yìí o."

Obed wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. "Mummy," ó ní, "kò ní sí òkú mìíràn nínú ìjọ yìí tí wọ́n máa fi kọ́kọ́rọ́ lé jáde. Bó jẹ́ èmi, bó jẹ́ ẹ̀yin."

"Ṣé èmi lo tún fẹ́ fi ṣìkejì ni?" Mummy Felicia ní. Ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó dáa. Mo gbọ́. Mo máa bi ọ́ léèrè."

Ohun tí Obed ń wá láyé láti ọjọ́ yẹn nìyẹn: òrùlé kan tí kò sẹ́ni tó lè lé òkú wọn jáde kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kan wà ní Thamesmead, létí adágún, níbi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńláńlá ti ń bá ènìyàn du ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò ló ni ín. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan tó ń mójú tó o, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anisah sì ni alága wọn. Bọ́ọ̀sì Obed ló máa ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ni ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn dé, ni Obed bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ ní àárọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́.

"Mister Obed," Anisah sọ fún un lọ́jọ́ kan, "ìjọ tiyín nìkan kéré jù. Òrùlé ń jò, páìpù ti gbó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin aláṣọ funfun pọ̀ ní àdúgbò yìí. Ẹ para pọ̀. Ẹ ní orúkọ kan, ẹ ní olórí kan tí mo lè pè bí omi bá bẹ́. Ẹ wá ní Sátidé tó ṣáájú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, kí olórí yín fọwọ́ sí i níwájú mi, kọ́kọ́rọ́ di tiyín fún ogún ọdún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn kan wà tó fẹ́ sọ ọ́ di ibi tí ọmọdé á ti máa fò lórí rọ́bà."

Obed gbàgbé láti dúró ní ibùdókọ̀ tó kàn. Àwọn èrò pariwo lé e lórí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mẹ́ta ni ìjọ wọ̀nyẹn. Àpọ́sítélì Jìmí ló ni èyí tí Obed ń lọ, ẹ̀yìn Barnfield Estate ló ń gbé, ìjọ rẹ̀ ló sì ní èrò jù. Àpọ́sítélì Michael wà ní Thamesmead gan-an, nínú ilé páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta táyà; bí wọ́n bá ń gbàdúrà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà á máa ṣe àmín. Ajíhìnrere Wálé ní tirẹ̀ wà ní Shooters Hill, nínú pálọ̀ ilé ara rẹ̀. Gbogbo ìjọ náà jókòó tán lórí àga tìmùtìmù, ṣùgbọ́n dókítà ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, bí wọ́n bá húkọ́ pàápàá, ó ní ìtumọ̀. Ìjọ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́lẹ̀. Àbẹ́là ló tú wọn ká. Jìmí ní láti ọ̀tún ni kí wọ́n ti máa tan án, Michael ní láti òsì. Wálé ní láti àárín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní pálọ̀ Wálé ni Obed kó wọn jọ sí. Ó ti gbogbo fèrèsé pa. Wálé béèrè ìdí rẹ̀.

"Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, sà. Àwọn tó kọ òfin Amẹ́ríkà, inú ooru ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ti fèrèsé kí ará ìta má baà gbọ́."

"Ooru tiwọn ọ̀fẹ́ ni," Wálé ní. "Èmi ni mò ń san ti híítà yìí."

Obed dìde. Ó ti pẹ́ tó ti dìde níwájú kíláàsì. "Ẹ̀yin Bàbá, lẹ́yìn tí wọ́n lé ọba Gẹ̀ẹ́sì tán, ẹ má rò pé orílẹ̀-èdè kan ni wọ́n. Mẹ́tàlá ni wọ́n, oníkálukú ń ṣe bí ẹni dá wà. Àdéhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe kò ní eegun. Ìgbìmọ̀ tó wà láàárín kò lè gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ńṣe ló ń bẹ wọ́n bí oníbáárà. Ọmọ ogun tó jà fún wọn lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ìpínlẹ̀ yìí ń gba owó ibodè lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kejì. Àwọn àgbẹ̀ gbé ìbọn, wọ́n dí ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́. Ọ̀tá ń wò wọ́n láti òkèèrè, ó ń rẹ́rìn-ín pé wọ́n máa tó tú ká. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbà pé kí àwọn di ọ̀kan ní tòótọ́."

"Ta ló tóbi jù nínú wọn?" Jìmí béèrè.

"Virginia ni, Daddy."

"Àwa nìyẹn," Jìmí ní, ó tún ọ̀já ìdí rẹ̀ so.

"Ta ló kéré jù?" Wálé béèrè.

"Rhode Island ni, tó bá jẹ́ ti ilẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ wá sí ìpàdé."

"Wọ́n gbọ́n," Wálé ní.

Obed kò jẹ́ kí ìyẹn dá òun dúró. Ó sọ fún wọn bí àwọn kéékèèké ṣe ń bẹ̀rù kí àwọn ńlá má gbé wọn mì, tí wọ́n fi dá ilé ìgbìmọ̀ méjì: nínú ọ̀kan, ẹni tó pọ̀ ní ohùn púpọ̀, nínú ìkejì, gbogbo wọn dọ́gba. Ó ní kí àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Jìmí fẹ́ràn ilé àkọ́kọ́, Wálé fẹ́ràn ìkejì, Michael ní òun gbà bí ìpàdé méjèèjì bá ti ń wáyé ní Thamesmead. Obed ní Amẹ́ríkà náà jà lórí ibi tí olú-ìlú máa wà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní New York, wọ́n kó lọ sí Philadelphia, níkẹyìn wọ́n lọ kọ́ ọ sí etí odò kan. "Tiwa náà, etí omi ni," ó ní. "Gbọ̀ngàn yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú yín. Ìdí nìyẹn tó fi lè jẹ́ ti gbogbo yín." Wọ́n mi orí. Ẹ ò rí i pé ó ń lọ dáadáa?

Ìgbà tó débi orúkọ oyè ni mo fi gbà pé Ọlọ́run ń fi Obed ṣeré. Ó fẹ́ fi àṣìṣe àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ó ní gbàrà tí ìjọba tuntun wọn jókòó, gbèsè wà nílẹ̀, ogun wà ní ibodè, àwọn àgbà ìgbìmọ̀ wọn wá fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ jiyàn lórí ohun tí wọ́n máa máa pe olórí. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n máa pè é ní "Ọlọ́lá Gíga, Ààrẹ Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àti Olùdáàbòbò Òmìnira Wọn." Obed rẹ́rìn-ín, ó dúró kí àwọn náà rẹ́rìn-ín.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dán.

"Olùdáàbòbò," Michael ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìyẹn dùn gan-an."

"Tún un sọ, Obed," Jìmí ní. "Rọra sọ ọ́."

"Ṣùgbọ́n Daddy, wọ́n jù ú nù! Ààrẹ lásán ni wọ́n padà fẹnu kò sí."

"Àwọn ni ò mọ iyì ohun tí wọ́n ní," Wálé ní. Kí tíì tó tutù, wọ́n ti fẹnu kò: Bàbá Àgbà Jùlọ, Ọlọ́lá Gíga, Olùdáàbòbò Òmìnira Ìjọ. Ohun kan ṣoṣo tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà láìjà nìyẹn, oyè náà sì gùn ju ìjọ Wálé lọ.

Mummy Felicia ló ń pín tíì. Ó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń làágùn. Ó gbé abọ́ kalẹ̀.

"Obed, jẹ́ kí n bi ọ́. Àwa aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Níbo ni wọ́n fi wá sí nínú ìjọba yẹn?"

Obed yí ojú kúrò. "Wọ́n kà wọ́n, Mummy. Bí ẹrú bá jẹ́ márùn-ún, wọ́n á kà wọ́n sí ènìyàn mẹ́ta, kí ohùn ìpínlẹ̀ ọ̀gá wọn lè pọ̀ sí i."

"Ohùn ọ̀gá wọn."

"Ohùn ọ̀gá wọn, Mummy."

"Àwọn fúnra wọn ńkọ́?"

"Wọn ò ní."

Mummy Felicia yíjú sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Àwa obìnrin la pọ̀ jù nínú ìjọ yín. Ṣé ẹ kà wá?"

"Háà, Mummy!" Jìmí ní, inú rẹ̀ dùn. "A kà yín mọ́ ọn pátápátá. Tìtorí yín ni mo ṣe ní ohùn jù wọ́n lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obed náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́, gbọ̀ngàn sì ti ń sún mọ́ tòsí. Mummy Felicia kó ife, ó padà sí kíṣìnnì.

Ohun kan wà tí Obed mọ̀ tí kò sọ. Ó mọ̀ pé ohun tó mú kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè ṣe àga alágbára bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo wọn ti ní ẹnì kan lọ́kàn: ọ̀gágun tó ṣáájú wọn lójú ogun, tó padà sóko rẹ̀, tó jókòó jẹ́ẹ́ títí wọ́n fi wá pè é. Gbogbo ìbò ló já lé e lórí. Nínú pálọ̀ Wálé, kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Michael béèrè pé, "Ta ni yóò wá jókòó síbẹ̀?", pálọ̀ náà tutù bí ẹni pé wọ́n ti ṣí fèrèsé. Jìmí wo Michael. Michael wo Wálé. Wálé wo fọ́tò ara rẹ̀ lára ògiri.

Ẹ̀rù ba Obed. Bó bá ní kí wọ́n dìbò, wọ́n á tú ká ní pálọ̀ yẹn. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni òun náà, ó sì gbàgbọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: ó gbàgbọ́ gidi. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sínú òfin wọn pé, "Ẹni tí Ẹ̀mí bá fi hàn ní ọjọ́ náà."

"Àmín," ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Àmín yẹn yá jù. Tíṣà tó kọ́ ọmọ débi tó kọ́ ọ dé, tó gbọ́ irú àmín bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó ti mọ̀ pé oníkálukú ti ní aríran tirẹ̀ nílé.

Sátidé ọ̀hún dé. Ẹ wá wo Thamesmead! Gbogbo wọn fún gbọ̀ngàn náà pinpin, funfun gbòò, bàtà wọn tò sẹ́nu ọ̀nà bí èrò ọjà. Anisah jókòó sídìí tábìlì, kọ́kọ́rọ́ wà níwájú rẹ̀, ìwé àdéhùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Obed dúró tì í pẹ̀lú bírò. Àpá ìgò yẹn ń yún un lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó ń wo òrùlé. Ó ti ń ro ibi tí pósí yóò máa wà.

Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní kí Ẹ̀mí sọ̀rọ̀.

Ọmọ́bọ́lá, aríran ìjọ Jìmí, ló kọ́kọ́ mì. Ó yí po, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. "Mo rí Bàbá Jìmí lórí ẹṣin funfun létí omi!" Ariwo sọ lápá ọ̀tún. Kò tíì dìde nílẹ̀ tí ọ̀dọ́kùnrin kan láti ìjọ Michael, èyí tó ń fọ mọ́tò, fi ké pé òun rí kọ́kọ́rọ́ wúrà lọ́rùn Àpọ́sítélì Michael. Ariwo sọ lápá òsì. Ní àárín, Ìyèbíyè, ìyàwó Wálé, tí kò tíì ríran rí láyé rẹ̀, nọ́ọ̀sì gidi ni, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ká a sínú àpò, ó dùbúlẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá ní òun rí ọkọ òun nínú ìmọ́lẹ̀.

Anisah fa Obed lápá sùtánà. "Ara wọn ò yá ni? Ṣé kí n pe ambúláǹsì?"

"Rárá, madam," Obed ní. "Ìdìbò là ń ṣe."

"Ta ló wọlé?"

Àwọn bàbá mẹ́ta ti dúró síwájú tábìlì, wọ́n ń fi ohun tó kọ́ wọn bá ara wọn jà.

"Àwa ni Virginia!" Jìmí ń pariwo. "Àwa la pọ̀ jù!"

"Ilẹ̀ ta ni olú-ìlú wà?" Michael ní. "Ṣé ní Barnfield lẹ wà yìí? Thamesmead rèé!"

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," Wálé sọ fún àwọn tirẹ̀. "Rhode Island ò wá sí ìpàdé."

Anisah wo aago. "Mister Obed, orúkọ kan ni mo fẹ́. Ẹnikẹ́ni. Orúkọ wo ni kí n kọ?"

Ìgbà náà ni ohùn kan dún láti ẹ̀yìn, láàárín àwọn obìnrin. Mummy Felicia ni. Ó gun àga. "Obed! Kọ orúkọ tìrẹ síbẹ̀! Obìnrin yìí ní ẹnikẹ́ni! Kọ ọ́, ká mú kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n máa jà lọ nínú ilé!"

Bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àyè wà lórí ìwé. Obed ronú kan ọ̀gágun yẹn tó jókòó sóko rẹ̀ títí wọ́n fi wá pè é. Kò lè pe ara rẹ̀. Mummy Felicia ló pè é, ṣùgbọ́n nínú gbogbo òfin tí Obed fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kò síbi tí ohùn Mummy Felicia wà. Ó di ojú rẹ̀. Ó dúró de Ẹ̀mí bóyá yóò sọ orúkọ òun, lẹ́ẹ̀kan péré, kódà kó rọra sọ ọ́. Ó tẹ́tí, ó tẹ́tí. Pẹ́pẹ́yẹ létí adágún ló gbọ́.

Nígbà tó la ojú, Anisah ti ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì. Ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Ẹ pè mí bí ẹ bá parí rẹ̀," ó ní. Ó mọ̀ pé wọn ò ní parí rẹ̀, Obed náà sì mọ̀.

Láàárín oṣù mélòó kan, ọmọdé ti ń fò lórí rọ́bà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì Obed máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ bàtà wọ ibẹ̀. Bí iná ojú títì bá dá a dúró, á máa wo àwọn bàtà kéékèèké tó tò sẹ́nu ọ̀nà.

Ìjọ mẹ́ta wá di mẹ́rin. Àwọn kan tí ojú ń tì láti padà sílé dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Ìjọ Ìṣọ̀kan. Òfin Obed ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ní Olùdáàbòbò. Wọn ò pe Obed sí i. Wọ́n ní òun ló kó òṣèlú wọ inú ìjọ Ọlọ́run. Jìmí náà ní kó ṣì máa jókòó sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀. Mummy Felicia nìkan ló ń lọ jókòó tì í lẹ́yìn níbẹ̀. Kò bi í léèrè nǹkan kan. Ìyẹn ló dun Obed jù.

Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e ni Mummy Felicia kú, ní kíṣìnnì bàbá Òyìnbó kan tó ń tọ́jú ní Shooters Hill. Ó jókòó pé kóun sinmi díẹ̀. Bàbá náà rò pé ó sùn ni. Ó po tíì fún un, ó fi abọ́ bò ó kó má baà tutù.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé Woolwich ni wọ́n gbé e lọ. Ibòmíràn wo ló wà? Gbogbo wọn ló wá, ìjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí kò sẹ́ni tí Mummy Felicia kò bọ́ rí. Àwọn àgbà jiyàn lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ gbàdúrà, wọ́n jiyàn lórí apá tí wọ́n máa ti tan àbẹ́là, aago ń lọ. Obed rí i tó ń lọ. Ó dìde lẹ́yìn níbẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá, mo bẹ̀ yín, àsìkò." Wọ́n ní kó jókòó.

Kọ́kọ́rọ́ dún ṣaworo lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan náà ni, irun rẹ̀ ti funfun sí i. Ó bọ́ fìlà. Ojú rẹ̀ bá ojú Obed. "Ṣé ìwọ kọ́ ni," ó ní, "ìgbà yẹn, ìyàwó rẹ...?"

"Èmi ni," Obed ní.

Wọ́n gbé Mummy Felicia jáde láàárín orin. Òjò ń rọ̀. Wọ́n gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ike ìdọ̀tí. Jìmí tan àbẹ́là tirẹ̀ láti ọ̀tún, Michael láti òsì, Wálé láti àárín, Olùdáàbòbò ìjọ kẹrin náà tan tirẹ̀ láti ibi tó wù ú. Obed dúró síwájú pósí lẹ́sẹ̀ lásán lórí òkúta wẹ́wẹ́. Kò kọrin. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ẹnu sún mọ́ igi pósí náà, àwọn tó wà nítòsí sì gbọ́ ohun tó sọ.

"Mummy, ẹ bi mí léèrè báyìí."

Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn, òótọ́ ni, káàdì mi ṣì wà lápò. Àfi ohun kékeré kan tí mo fi ọwọ́ ara mi bù sí i: òjò yẹn. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí atẹ́gùn, àbẹ́là wọn ń jó lọ geere láti apá gbogbo, àwọn tó wà ní ibùdókọ̀ òdìkejì sì ń wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Mo kàn rò pé kí nǹkan kan tiẹ̀ bò wọ́n díẹ̀ kúrò lójú ayé.